Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀ẹ̀kan, Iṣu Ọdọọdún

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ni Cornelius Awóníyì lára, kó ṣe é lóore. Ọkùnrin náà lè fara da ebi, ó lè fara da ìyà, ó sì ti fara da ogun. Oore ni kò lè fara dà. Bí ará àdúgbò bá bu ọbẹ̀ fún un lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ tán, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún, ó ń kí i pé ẹ kú àná. Ní ọjọ́ kẹta, á tún kí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí olóore bá pàdé rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, tó ti gbàgbé pé òun se ọbẹ̀ rí láyé òun, Cornelius á tún ṣí fìlà. Àwọn kan wà tí wọn kì í fún un ní nǹkan mọ́, nítorí pé ọpẹ́ rẹ̀ máa ń gùn ju oore lọ.

Ìwà náà kì í ṣe ìwà burúkú. Àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Wọn kò kàn sọ ìgbà tó yẹ kí ọpẹ́ parí ni. Cornelius ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọlọ́ṣà.

Oore tó tóbi jù tí wọ́n ṣe é, ojú ogun abẹ́lé ni wọ́n ti ṣe é, lọ́dún 1968. Sójà tó wà ní ipò kópúrà ni nígbà náà. Ọta ìbọn bà á nítan, ẹ̀jẹ̀ ń dà bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Wọ́n gbé e dé àgọ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nílẹ̀. Dókítà ológun jáde síta, ó ń wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti Cornelius mu. Sàláúdéènì, sójà kan tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo, wà níta níbẹ̀ nítorí pé eyín ń dùn ún. Òun ló na ọwọ́ sókè. Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Cornelius, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n sì so ìgò náà mọ́ ọwọ́ Cornelius. Sàláúdéènì kò sọ ọ̀rọ̀ akọni kankan. Ohun tó bèèrè kò ju pé ṣé wọ́n máa wá yọ eyín òun báyìí. Wọn ò yọ ọ́.

Láti ìgbà tí ogun ti parí ni Cornelius ti ń lọ dúpẹ́. Ní Sátidé tó bá tẹ̀lé Kérésì, lọ́dọọdún, ó máa ń ṣa iṣu tó ta dáadáa, á dì í, á sì wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Sàláúdéènì ti di gáàdì ní rélùwéè lẹ́yìn ogun. Nígbà tó yá tí ọkọ̀ ojú irin kò rìn déédéé mọ́, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba díẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì. Kàósárà, ìyàwó rẹ̀, ń ta omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níwájú ilé wọn ní Òkè-Baálẹ̀. Òun ló máa ń gba iṣu lọ́wọ́ àlejò.

"Ẹ kú oore o, Bùrọ̀dá Sàláú," Cornelius á dọ̀bálẹ̀.

"Ìjẹ̀ṣà, ogun ti parí," Sàláúdéènì á dáhùn. Orúkọ tó ń pè é láti barékè nìyẹn.

"Oore ò parí, sà."

"Ẹ̀jẹ̀ tí mo fún ọ kò kún ìgò méjì. Iṣu tí o ti gbé wá ti kún wágùnù ọkọ̀ ojú irin."

Wọ́n á gún iyán, wọ́n á jẹun, Cornelius á sì padà sí Iléṣà pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́, títí di Kérésì tó ń bọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí di ọdún 1994, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ Cornelius. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan: òun ló ń pín àga, ṣọ́ọ̀kì àti ọkọ́ fún àwọn kíláàsì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ó ṣe ojúsàájú rí. Ṣùgbọ́n ó wá di pé bó bá gbé àga kan, á jókòó lé e kó tó lè gbé òmíràn. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ní oòrùn ni. Ẹlòmíràn ní ìrònú ni. Ọlájùmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní ibà apọ́njú ni, ó sì se àgbo tó korò débi pé ológbò ilé kó lọ sí ilé kejì. Ojú náà funfun díẹ̀, àmọ́ àárẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Jọmílójú, àkọ́bí wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló sọ lórí fóònù pé kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ bàbá òun wò. Dókítà Láńrewájú, tó ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Iléṣà, gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti lè wò ó. Nígbà tí èsì dé, ó ránṣẹ́ pe Cornelius.

"Bàbá, kòkòrò àrùn kan ló wà nínú ẹ̀dọ̀ yín. Oríṣìíríṣìí ni wọ́n, lẹ́tà la fi ń pè wọ́n. A wà, B wà. C ni tiyín."

Cornelius rò ó wò. "Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, C kì í ṣe ìkùnà."

"Níbí, ó le ju A lọ, Bàbá. Ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún, kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó ni ín má sì mọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ló máa ń gbà wọlé. Ṣé wọ́n ti fún yín lẹ́jẹ̀ rí?"

Inú Cornelius dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ìbéèrè yìí. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọta ìbọn, ó dé orí ìgò, ó dé orí eyín tí wọn ò yọ. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ti eyín ló máa ń rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti wọlé, Bàbá."

"Níbo?"

"Nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Nígbà náà, kòkòrò yìí kò tíì ní orúkọ, ká tó wá sọ pé wọ́n ń wá a. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ara ọ̀rẹ́ yín ló ti wá, ó ń jẹ tiẹ̀ náà lọ nìyẹn. Ẹ tètè sọ fún un kó lọ ṣe àyẹ̀wò."

Cornelius jáde, ó dúró síta, kò sì mọ apá ibi tí ilé rẹ̀ wà fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń rò ni bí èèyàn ṣe lè dúró níwájú ẹni tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún yìí wá, kó wá sọ fún un pé, sà, àìsàn lẹ fún mi.

Ó lọ sí Òṣogbo lọ́sẹ̀ náà gan-an, bí kì í tilẹ̀ ṣe àsìkò Kérésì. Nítorí pé kò lè lọ lọ́wọ́ òfo, ó gbé iṣu. Nígbà tó sì ti gbé iṣu, ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ míì tí wọ́n ń sọ tẹ̀lé iṣu. Ó dúpẹ́, ó jẹun, ó padà. Ó tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Sàláúdéènì bi í bóyá kàlẹ́ńdà Iléṣà yàtọ̀ sí tàwọn ni.

"Ẹ ti sọ fún un?" Ọlájùmọ̀kẹ́ bi í nígbà tó dé.

"Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́."

"Kí wá lẹ sọ?"

"Mo ní ẹ kú oore."

Ọlájùmọ̀kẹ́ wo ibi tí wọ́n ń kó iṣu sí, ó rí i pé ó ti ń lọ sílẹ̀. "Uṣu lẹ tún gbé lọ," ló wí.

Ó yẹ kí èèyàn mọ irú ilé tí obìnrin yìí ti wá. Òṣómàáló ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ àtisan bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gba ti àwọn. Wọn kì í jà, wọn kì í bú èèyàn, wọn kì í jókòó bí wọ́n bá gbé àga fún wọn. Wọ́n á kàn lóṣòó síbẹ̀ ni, títí ojú onílé á fi tì í. Ọlájùmọ̀kẹ́ ti kọ́ ọ láti kékeré, a kì í sì í gba àkàkà lọ́wọ́ akítì. Ní ìgbà kẹta tí Cornelius ń lọ sí Òṣogbo, ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n wọlé, wọ́n kí ara wọn. Kàósárà gbé àga wá. Ọlájùmọ̀kẹ́ kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó sì lóṣòó sí àárín pálọ̀.

"Ìyá Jọmílójú, ẹ jókòó sórí àga," Kàósárà wí.

"Ibí tẹ́ mi lọ́rùn."

Sàláúdéènì mọ ohun tó ń jẹ́ òṣómàáló. Ó wo Cornelius. "Ìjẹ̀ṣà, kí ni mo jẹ yín?"

"Ẹ ò jẹ wá ní nǹkan kan, Bàbá Kàbírù," Ọlájùmọ̀kẹ́ dáhùn. "Ọkọ mi ló jẹ yín ní ọ̀rọ̀ kan. N ò ní í dìde títí tó fi máa san án."

Cornelius sọ ọ́. Ìdí iṣu ló dojú kọ nígbà tó ń sọ ọ́, bí ẹni pé iṣu ni wọ́n bá lẹ́jọ́. Nígbà tó parí, Sàláúdéènì kọjú sí i.

"Ṣé kí n gbà á padà ni?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín. Sàláúdéènì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀fẹ́ ni Cornelius gbà, ó tún fẹ́ kó mọ́. Ọlájùmọ̀kẹ́ dìde. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sàláúdéènì lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà kan ní Òṣogbo. Kòkòrò kan náà ni.

Òògùn wà, ṣùgbọ́n kò sí ní tòsí. Abẹ́rẹ́ kan ni, intaferọ́ọ̀nù lórúkọ rẹ̀. Wọ́n á máa gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kò sì gbọ́dọ̀ gbóná, kò gbọ́dọ̀ di yìnyín. Dókítà Láńrewájú kò fi bò: ọ̀pọ̀ ló ń gún un tí kì í ṣiṣẹ́ fún wọn. Jọmílójú àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ sa gbogbo agbára wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n rí ti ẹnì kan ṣoṣo kó jọ. Ọmọ ìjọ kan tó ń bọ̀ wálé ló gbé e nínú fúláàsì ńlá, kò sì gbé e kúrò lórí itan títí ó fi dé Iléṣà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995 nìyẹn. Cornelius dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ìjọ náà títí ọmọ ìjọ náà fi dágbére.

Ọlájùmọ̀kẹ́ wà lọ́jà nígbà tí òògùn dé. Cornelius tú u sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Bí àga bá dé sítọ́ọ̀, tí kíláàsì méjì sì ń dúró, ìdajì-ìdajì ni. Lójú ogun pàápàá, oúnjẹ ẹnì kan ni ẹni méjì ń jẹ. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, kòkòrò kan náà ni, òògùn kan náà ni kí ó jẹ́. Kò bi dókítà léèrè. Àwọn olùkọ́ kì í kọ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ bí wọ́n ṣe ń pín àga. Ó kó ìdajì sínú fíríìjì ilé, ó gbé ìdajì yòókù sínú fúláàsì, ó sì gba ọ̀nà Ìbòkun lọ sí Òṣogbo. Nígbà tí Ọlájùmọ̀kẹ́ dé, ohun tó rí nínú fíríìjì ló rò pé ó jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Sàláúdéènì wo inú fúláàsì náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé o bi dókítà?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í, sà? Ìpín yín ni."

"Bí mo bá ní n ò gbà ńkọ́?"

"Èmi náà ò ní í gún tèmi."

"Mo mọ̀," Sàláúdéènì wí. Ó pe Kàósárà, ó ní kó kó o sínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ àwọn ìgò, níbi tí kò ti ní í di yìnyín. Ó wá kọjú sí Cornelius. "Mo gbà á. Àmọ́ láti òní lọ, má gbé iṣu wá mọ́. O ti san án."

Nígbà tí Cornelius ń padà lọ, ó ń kọrin nínú mọ́tò. Èrò tó jókòó tì í ní kó rọra. Kò rántí ìgbà tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Láti ọdún 1968, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò kúrò ní Òṣogbo tí kò jẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní nǹkan kan.

Inú dídùn náà kò pẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì Dókítà Láńrewájú bá gún un, á gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, á bo aṣọ mẹ́ta mọ́ra nínú oòrùn Iléṣà. Irun rẹ̀ ń já sórí ìrọ̀rí. Oúnjẹ kò wù ú. Inú ń bí i láìnídìí: ó bá àkùkọ jà, ó bá rédíò jà, lọ́jọ́ kan ó tilẹ̀ gba ife omi lọ́wọ́ ẹnì kan láìdúpẹ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rù ba Ọlájùmọ̀kẹ́ gan-an. Nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, òun ló ń sáré wá yìnyín kiri kí òògùn má bàa gbóná. Wọ́n ní àìsàn ló ṣeé wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe, ó sì ti pinnu pé òun yóò wo èyí tó ṣeé wò.

Bó bá lágbára díẹ̀, Cornelius máa ń lọ wo Sàláúdéènì. Kò gbé iṣu mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ ibi tí yóò wà.

"Ṣé ó ń gbọ̀n yín, sà?"

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Ó ń gbọ̀n mí púpọ̀. Irun mi ń já."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi ṣe ń ṣe."

Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n Sàláúdéènì kún bámúbámú lójú Cornelius, kò sí irun kan tó kúrò níbẹ̀. Cornelius gbà pé àwọn kan wà tí òògùn máa ń bá lára mu. Ó rí i pé ọwọ́ Sàláúdéènì ń tín-ín-rín, pé bùbá rẹ̀ sì ń tóbi sí i léjìká ní ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ó ń wọ aṣọ ẹlòmíràn. Ó bi Kàósárà bóyá Bùrọ̀dá ń jẹun. Kàósárà ní oníbàárà ń pe òun, ó sì jáde. Kò sí oníbàárà níta.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù mẹ́ta pé, Dókítà Láńrewájú tún fi ẹ̀jẹ̀ Cornelius ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ tí èsì dé, tọkọtaya náà jọ lọ gbà á. Dókítà ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ báyìí.

"Òògùn náà ń ṣiṣẹ́, Bàbá! Ẹ̀dọ̀ yín ti ń balẹ̀. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló kù."

"Ó ti tán, dókítà."

"Kí ló tán?"

"Òògùn. Èyí tí wọ́n gún lánàá ló kẹ́yìn."

Ọlájùmọ̀kẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó dìde lórí àga, ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó sì lóṣòó síwájú rẹ̀ nínú ọ́fíìsì dókítà. Kò pẹ́ tí Cornelius fi jẹ́wọ́. Ó ṣàlàyé ti àga, ó ṣàlàyé ti kíláàsì méjì, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣàlàyé.

"Bàbá," dókítà wí, "ìdajì òògùn kì í wo ìdajì àrùn. Bí ẹ bá dúró báyìí, ó máa padà, bí ẹni tí kò gún nǹkan kan rí. Bí ọ̀rẹ́ yín náà bá ti gún tiẹ̀ dé ìdajì, ẹ ti jọ fi òògùn náà ṣòfò nìyẹn. Bí nǹkan bá kù nínú tiẹ̀, ẹ lọ gbà á, kí ẹnì kan lè rí ìwòsàn."

"Kí n lọ gba òògùn lọ́wọ́ ẹni tó fún mi lẹ́jẹ̀?"

"Bàbá, ẹ máa kú ni."

"Mo kúkú lè kú," Cornelius dáhùn, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bu iyán sí i fún, tó ní òun ti yó.

Nílé, Ọlájùmọ̀kẹ́ ní òun yóò lọ sí Òṣogbo fúnra òun. Cornelius ní bó bá gbé òògùn náà dé, òun yóò dà á sílẹ̀. Ọlájùmọ̀kẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Òṣómàáló lè gba ohun tí wọ́n jẹ ẹ́, kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni jẹ ohun tí kò fẹ́. Ó jókòó sínú ilé ìdáná, ó sì sunkún. Ọgbọ̀n ọdún tó fi bá ọkùnrin yìí gbé, kò rí i kó kọ nǹkan kan bí kò ṣe ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, lọ́sàn-án, takisí kan dúró níwájú ilé wọn. Kàósárà ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó gbé fúláàsì lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Sàláúdéènì jáde, ikùn rẹ̀ tí àìsàn ẹ̀dọ̀ ti fi omi kún ló ṣáájú. Kò wá sí Iléṣà rí láyé rẹ̀, torí pé ọ̀nà oore àwọn méjèèjì kì í padà sẹ́yìn. Kò mọ ilé. Ó kàn bèèrè ọkùnrin tó máa ń dúpẹ́ jù ni, gbogbo àdúgbò sì nawọ́ sí ibì kan náà.

Cornelius sáré jáde. Kí ó tó kí i tán, Sàláúdéènì ti gba fúláàsì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì rọra lóṣòó.

Kí àgbà lóṣòó níwájú àbúrò! Cornelius nà gbalaja sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ dìde, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí gégùn-ún!"

"Òṣó ni mà á ló," Sàláúdéènì wí, ó ń gbìyànjú láti sọ ọ́ bí Ìjẹ̀ṣà. Ọlájùmọ̀kẹ́, tó ti jáde, rí i pé gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ dáadáa, pé bàbá òun kì bá tí gba irú ìlóṣòó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Sàláúdéènì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: "Òṣó ni mà á ló títí o fi máa gba ẹrù rẹ. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. N ò gún ọ̀kan."

"Ẹ ò gún ọ̀kan, sà?"

"Lọ́jọ́ tí mo gba èsì mi, mo bi dókítà tèmi. Ìwọ ni ò bi tìrẹ. Ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti le bí òkúta, òògùn yẹn kò lè rí i ṣe mọ́. Ó sì ní ẹni tó bá máa gún un, kó gún un pé. Mo ti ń bá ọ ka tìrẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yìí ló máa tán."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà á lọ́wọ́ mi nígbà náà?"

"Bí mo bá kọ̀, o ò ní í gún tìrẹ, o sọ ọ́ lójú mi. Bí mo bá sì dá a padà lọ́jọ́ kejì, wàá tún gbé e wá, pẹ̀lú iṣu." Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìjẹ̀ṣà, orúnkún ń dùn mí. Gbà á."

Lórí ilẹ̀ níbẹ̀ ni Cornelius ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì tijú. Ó na ọwọ́, ó fa fúláàsì náà mọ́ra. "Mo gbà á, sà. Mo ti gbà á."

Sàláúdéènì wá gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. Omi tó wà nínú ikùn rẹ̀ wúwo ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Kàósárà di apá kan mú, Cornelius di apá kejì, Ọlájùmọ̀kẹ́ tì í lẹ́yìn, kí wọ́n tó lè gbé e nàró. Ó ní kò yà òun lẹ́nu mọ́ pé wọ́n ń rí nǹkan wọn gbà bí wọ́n bá lóṣòó, torí pé ta ló fẹ́ kí irú èyí kú sí òun lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gún iyán fún un. Ó jẹ díẹ̀.

Cornelius gún ìyókù, ó gbọ̀n, irun rẹ̀ sì já tán. Sàláúdéènì kò rí òpin òjò ọdún náà. Àwọn Mùsùlùmí kì í dá òkú dúró. Kí ìròyìn tó dé Iléṣà, wọ́n ti sin ín, ilẹ̀ ti bò ó. Cornelius dúró létí sàréè, kò sì rí ẹni tí yóò kí.

Dókítà Láńrewájú ní kí wọ́n dúró pẹ́ kí wọ́n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọ̀rọ̀ lè dájú. Ní ìparí ọdún 1996, ṣáájú Kérésì, ó pè é.

"Bàbá, a wá a, a ò rí i mọ́. Ẹ ti bọ́. Díẹ̀ ló ń bọ́ bẹ́ẹ̀."

Cornelius fọwọ́ kan apá rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ Bùrọ̀dá Sàláú ńkọ́? Ṣé ìyẹn ṣì wà níbẹ̀?"

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ lára bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ara ń sọ ti àtijọ́ nù, ó ń ṣe tuntun. Èyí tí wọ́n fún yín yẹn, kí ogun tó parí ló ti tán."

"Kí ló wá kù lára mi tó jẹ́ tiẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Dókítà rò ó. "Kòkòrò yẹn nìkan ni."

"Òun náà ló ti lọ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Cornelius dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, àti lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé Kérésì, ó ṣa iṣu, ó dì í, ó sì wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Kàósárà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àga Sàláúdéènì wà níbi tó máa ń wà. Cornelius ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú oore o, Bùrọ̀dá Sàláú."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ogun ti parí. Ó pẹ́ nílẹ̀ kó tó dìde.

"Kí ni dókítà wí, Bàbá Jọmílójú?" Kàósárà bèèrè.

"Ó ní ó ti tán lára mi. Ó ní kò kù síbẹ̀ rárá."

"Alhamdulilaahi!" Kàósárà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Nígbà tó rí omijé lójú Cornelius, ó rò pé ti ayọ̀ ni. Ó ṣí fíríìjì, ó bu omi tútù fún un. Cornelius mu ún, ó sì dúpẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó tún dúpẹ́.